Kòdúró àti Másítà Tó Ń Dán Ju Tuntun Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ara-ò-balẹ̀, kí ó lọ wo Kòdúró nínú ìsọ̀ rẹ̀. Kì í jókòó. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ò tí ì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí tí wọ́n fi bá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Àga kan wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ló wà fún. Bí Kòdúró bá fìdí kàn án pẹ́nrẹ́n, á ti dìde kí àga tó mọ̀ pé ẹnì kan jókòó lé òun. Bí ó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan á máa nu nǹkan, ọwọ́ kejì á máa tú nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ilẹ̀, ojú rẹ̀ á sì ti sọdá títì lọ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní bí ó bá sùn pàápàá, ibi tí alẹ́ bá fi í sí kọ́ ni òwúrọ̀ máa ń bá a.

Wọn ò fi orúkọ yẹn bú u o, wọ́n fi júwe rẹ̀ ni. Ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń gé apá ẹ̀wù. Kò dúró kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an mọ́ ẹ̀wù. Ó kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Bàbá kan ṣì wà ní àdúgbò tó fá ìdajì orí fún, tó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn díẹ̀ bọ̀. Bàbá náà ṣì ń retí rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó mọ ọkọ̀ tú, ó mọ ọ́n tò padà, ó ku díẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tú u sílẹ̀, ni ẹsẹ̀ bá tún ń yún un. Ìgbà tó yá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta másítà bíréèkì, ibẹ̀ ló sì wà di òní, tó ń yí po nínú ìsọ̀ bí eṣinṣin inú ìgò.

Bí o ò bá mọ másítà, kò le. Bí dírẹ́bà bá fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, irin gbọọrọ kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ti epo bíréèkì lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Òun ni ọ̀gá gbogbo bíréèkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní másítà. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti jẹ, dírẹ́bà lè tẹ̀ ẹ́ di ọ̀la, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa rì lọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ ni. Ti píkọ́ọ̀pù nìkan ni Kòdúró ń tà, nítorí píkọ́ọ̀pù ló ń ru ẹrù láàárín ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín méjèèjì sì ga débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ti bó o jẹ kó o tó sọ pé "yéè." Ìlú mọ ẹ̀fẹ̀ inú ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ wo ẹni tó ń ta bíréèkì. Òun fúnra ẹ̀ ò ní."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ara Kòdúró ò balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń kó bọ̀. Kì í ṣe pé ó ń bọ̀ wá kí wọn o. Ó ń kó bọ̀ ni, tibùsùn-tibùsùn, tàga-tàga, láti ìlú òkè wá sínú ilé Kòdúró. Télọ̀ ni ìyá náà. Ó ti ránṣọ fún ìdajì ìlú òkè kí ó tó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ò sì tí ì fẹ̀yìn tì nínú wíwọn ènìyàn. Bí ó bá ti wo Kòdúró báyìí láti èjìká dé ẹsẹ̀, Kòdúró á mọ̀ pé wọ́n ti wọn òun, òun ò sì tó.

Láàárọ̀, Alátàáyà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ti nahùn pè é.

"Kòdúró, mo gbọ́ pé o máa gba àlejò lónìí."

"Àlejò kẹ̀? Àlejò máa ń lọ."

"O ò wá sọ pé kó má wá?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ó ti di ẹrù. Àfi tí bíréèkì bá já lọ́nà ni kò fi ní dé."

Alátàáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sínú táyà tó fẹ́ lẹ̀, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n Ìyá Bátìrì, obìnrin tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn gbé fóònù rẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ọwọ́ Ìyá Bátìrì, ó ti gba iná nìyẹn. Kò sí ibi tí kò lè dé.

Oòrùn ò tí ì mú nígbà tí Bàbá Jẹ́jẹ́ wọlé. Dírẹ́bà píkọ́ọ̀pù ni, àgbà ọkùnrin tó ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin sórí. Ó fi bébà we nǹkan kan dání.

"Mẹkáníìkì ní másítà mi ti kú. Òun nìyí, bá mi fi wo irú ẹ̀."

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ kì í fọ̀rọ̀ ẹnu tajà. Oníbàárà gbọ́dọ̀ mú èyí tó ti kú dání, kí wọ́n gbé òkú sí ẹ̀gbẹ́ alààyè, kí wọ́n wọn wọ́n. Nọ́ńbà kan sì máa ń wà lára òkú náà tó ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n epo àti eruku á ti bò ó. Nítorí náà wọ́n á da bẹntiróòlù díẹ̀ sí i, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á. Bí nọ́ńbà bá ti yọ, ẹlòmíràn á dúró. Kòdúró kì í dúró. Ó fọ orí rẹ̀, ó fọ ìdí rẹ̀, ó fọ inú kọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣe é gan-an ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo títì, títí másítà tó ti kú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìmọ́lẹ̀ sára ògiri. Ó gbé tuntun jáde látinú páálí, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bá ara wọn mu wẹ́kú. Tuntun yìí wúwo, gírísì ilé iṣẹ́ bò ó, ojú rẹ̀ ṣú. Bí ènìyàn bá ní kí o mú ọ̀kan fẹ́ nínú àwọn méjèèjì, òkú lo máa mú.

"Bá mi ṣe é kíá," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Ìyá kan ló gbà mí látòkè, wọ́n ń kó wá síbí. Ìyá ìyàwó ẹ ni, àbí?"

"Ìyá ìyàwó tèmi?"

"Àwọn ni. Wọ́n ti jókòó sórí ẹrù wọn látàárọ̀, wọ́n ń dúró dè mí."

Bí wọ́n ṣe dárúkọ ìyá yìí, ojú Kòdúró ti fò lọ sí ọ̀nà òkè. Ọwọ́ kan gbé páálí, ọwọ́ kejì gbé èyí tó ń dán sínú rẹ̀, ọwọ́ kẹta, bí ó bá ní in, ì bá ti ti bàbá náà jáde. Ó dé e, ó fi okùn dì í, ó nà án sí Bàbá Jẹ́jẹ́. Bàbá sanwó, ó gun alùpùpù, ó gba ọ̀nà òkè lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Kòdúró tó yíjú sí orí tábìlì, tó gbé èyí tó kù láti sọ ọ́ sínú garawa àwọn irin tó ti kú. Ó wúwo. Gírísì yí i lọ́wọ́. Ó tún wò ó. Ìdérí rọ́bà pupa kéékèèké dí ojú àwọn ihò rẹ̀, irú èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sí i kí eruku má bàa wọlé. Òkú kì í ní ìdérí pupa.

Kòdúró dúró.

"Ẹ wá o!" ni Alátàáyà kígbe. "Kí ló dé? Kòdúró dúró!" Àwọn ará ìsọ̀ sáré jáde wá wò ó, ẹnì kan tilẹ̀ gbé omi wá.

Nínú orí rẹ̀ o, ọkọ̀ ti ń sọ̀. Ó rí píkọ́ọ̀pù náà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó rí ẹsẹ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́ tó ń rì lọ lórí bíréèkì, ó rí ìyá níwájú pẹ̀lú àpò lórí itan. Ẹ̀mí ènìyàn ni, ìyẹn nìkan sì tó. Ṣùgbọ́n bí èyí tó burú jù bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa gbà pé àṣìṣe ni? Láàárọ̀ yìí kan náà ló sọ ọ́ sáàárín ọjà pé àfi tí bíréèkì bá já. Alátàáyà gbọ́. Ìyá Bátìrì gbọ́. Ibi tí Ìyá Bátìrì bá sì ti gbọ́, kò sí adájọ́ tó tún ń wá ẹlẹ́rìí.

Ó gbé fóònù, ó pe ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́—"

"Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Mò ń bọ̀." Ó gé e.

Ó tún pè.

"Màámi, ọ̀rọ̀ bíréèkì—"

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bíréèkì ẹ! Wọ́n ti rò ó fún mi. Bíréèkì á já, àbí? Kò ní já. Mò ń bọ̀!"

Kòdúró wo Ìyá Bátìrì. Ìyá Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn bátìrì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tó ń pè ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó tún pe ìyá. Obìnrin inú fóònù ní ẹni yẹn náà ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Kò gba ìwé kíkà kí ènìyàn tó mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àti pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Ti Bàbá Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Bàbá Jẹ́jẹ́ kì í gbé fóònù sínú ọkọ̀. Ó ní orogún ni ọkọ̀ àti fóònù. Ẹni tó bá kó wọn sínú yàrá kan, ẹjọ́ ni yóò máa dá.

Kòdúró ki másítà tuntun bọ abẹ́ aṣọ, ó bẹ́ sẹ́yìn alùpùpù tó kọ́kọ́ rí.

"Ibo?"

"Òkè!"

"Apá ibo lókè?"

"Ṣáà máa lọ, ìwọ ọkùnrin yìí! Òkè ò sí nísàlẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Kòdúró ń dìde, ó ń jókòó, ó ń na ọrùn wo gbogbo ọkọ̀ tó ń sọ̀ bọ̀. Píkọ́ọ̀pù funfun: òun kọ́. Píkọ́ọ̀pù tó ru mààlúù: òun kọ́, àfi bí ìyá bá ti yípadà. Ó ń wá èyí tó ní àwọ̀ búlúù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan pupa.

"Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀gá, ẹ ń mi ẹ̀rọ."

"Tẹ iná sí i!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àfi kí ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa tì í."

Kí ó tó pa ẹnu dé, Kòdúró ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ń tì í. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé alùpùpù náà ló jí tó ń gbé sá lọ.

Ìsọ̀ mẹkáníìkì wà lójú títì lókè. Ẹsẹ̀ méjì nìkan ló hàn lábẹ́ ọkọ̀ kan.

"Bàbá Jẹ́jẹ́ dà?"

"Wọ́n ti lọ kó ẹrù," ni ẹsẹ̀ náà wí. "Ọjà ẹ yẹn dáa o. Mi ò rí másítà tó dán tó yẹn rí. Mo fi wo irun imú mi."

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ rọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó le."

"Ṣé o fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀ wò, bóyá ó máa rì?"

Ẹsẹ̀ kan họ èkejì. "Ó ń dán," ni wọ́n wí níkẹyìn.

"Másítà ti kú!"

Mẹkáníìkì náà yọ wéré lábẹ́ ọkọ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀ mọ́ àyà. "Háà! Nígbà wo? Lánàá ni mo ṣì bá wọn sọ̀rọ̀!" Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Másítà ni gbogbo ayé ń pè é.

"Ọ̀gá tìẹ kọ́! Ti inú ọkọ̀!"

"Ọ̀rọ̀ tìẹ náà, kò ní orí, kò ní ìdí." Mẹkáníìkì dé fìlà rẹ̀ padà, ó ń nu òógùn. Ṣùgbọ́n Kòdúró ti lọ.

Ilé ìyá ti ṣófo. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà ń gbálẹ̀ ìloro. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wọ́n kù ni. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lọ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́." Ó wá dá ìgbálẹ̀ dúró, ó wò ó. "Àbí ẹ̀yin lọkọ ọmọ wọn? Ẹni bíréèkì?"

Alùpùpù sáré ọ̀nà ẹ̀yìn débi pé ògiri méjèèjì ní láti fàyè sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n ti yọ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Kòdúró rí i: píkọ́ọ̀pù búlúù, ilẹ̀kùn pupa, ẹrù dé òrùlé. Ó dorí kodò bí ewúrẹ́ tó fẹ́ mu omi. Wọ́n ti kó òkúta sí ìdí gbogbo táyà rẹ̀, òkúta tó tó ènìyàn fi kọ́ yàrá kan. Níwájú rẹ̀, láàárín títì, ìyá jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú ara rẹ̀ tó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ kọjá ní láti kí i.

Ẹni tó ń wa alùpùpù gba owó rẹ̀, ó sì yí padà kíá. Kò fẹ́ kí wọ́n tún fi kún iṣẹ́ òun.

"O dé," ni ìyá wí. "O wá wò ó bóyá ó ti já."

"Màámi, ṣé kò ṣe yín ní nǹkan?"

"A dé oríta, mo ní, 'Dúró, ewúrẹ́ ń kọjá.' Bàbá yìí ní, 'Mo ti dúró, Ìyá.' Mo wo ewúrẹ́, mo wo àwa. Àwa là ń rìn. Ewúrẹ́ ló dúró."

"Mo tẹ̀ ẹ́ o!" ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹsẹ̀ mi dé ilẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ ara mi rìn lábẹ́ ọkọ̀. Ògiri ilé ẹnì kan tá a fẹ̀gbẹ́ ha lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbí ló bá wa dúró."

Kòdúró fa másítà tuntun yọ lábẹ́ aṣọ. Gírísì ti ya àwòrán rẹ̀ sí i níkùn. "Màámi, àṣìṣe ni. Òkú ni mo dì fún Bàbá. Mo fọ̀ ọ́ jù. Alààyè nìyí."

Ìyá gbà á. Ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó wo àwọn ìdérí pupa náà, ó wá wo Kòdúró, láti èjìká dé ẹsẹ̀.

"O fọ nǹkan títí o ò fi dá a mọ̀ mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?"

"Kò sí, Màámi."

"Èmi náà wà lára wọn. Kọ́kọ́ ṣe é ná."

Bàbá Jẹ́jẹ́ kó sípánà àti ìgò epo bíréèkì jáde. Iṣẹ́ tí Kòdúró fi sílẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ wá ń padà bọ̀ sí ọwọ́ rẹ̀. Ó tú èyí tó ń dán kúrò, ó de tuntun mọ́ ọn, ó da epo sí i. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi másítà sọ́kọ̀ kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á ti wọ inú páìpù, bíréèkì tí afẹ́fẹ́ bá sì wà nínú rẹ̀, ìrọ̀rí ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lórí bíréèkì tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, kí ó sì dì í mú. Ẹnì kejì á wà nílẹ̀ nídìí táyà, á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí afẹ́fẹ́ jáde, á tún dè é kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra kí nọ́ọ̀tì tó dé, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ dúró nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó máa da epo, nítorí epo ò gbọdọ̀ gbẹ. Ta ló wá kù tó máa tẹ bíréèkì?

Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ti tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kí wọ́n tó bí ẹ."

Kòdúró wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ìgbà tó nà gbalaja tán nídìí táyà ẹ̀yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n wà, òkúta nìkan ló di ọkọ̀ mú, ẹsẹ̀ ẹni tó rò pé ó fẹ́ pa òun ló sì wà lórí bíréèkì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màámi."

Bíréèkì ò mira.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo ní ìbéèrè."

"Màámi, abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà!"

"Mo mọ ibi tó o wà. Ìdí nìyẹn. Látìgbà tó o ti fẹ́ ọmọ mi, mi ò tí ì bá ẹ sọ̀rọ̀ parí rí. Mo bá bẹ̀rẹ̀, o ti dẹ́nu ọ̀nà. Ṣé o sọ ọ́, àbí o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni, Màámi."

Bíréèkì lọ sílẹ̀. "Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú! Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o!" Ó tú nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ tú pùú, epo kán sí i létí. Ó dè é. "Ẹ fi sílẹ̀."

Ó wọ́ lọ sí ìdí táyà kejì.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" ni ohùn ìyá tún wí lókè.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ojú yín ni."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ẹ máa ń fi wọ̀n mí. Bí ẹ bá sì ti wọ̀n mí tán, ẹ kì í sọ iye tó jẹ́."

Bíréèkì lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ran ibi tó ṣòro lára aṣọ. Wọ́n ṣe èyí náà tán.

Nídìí táyà kẹta, kò tún bi í ní ìbéèrè. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, ó dì í mú. "O fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tèmi o. O fi orí olórí sílẹ̀ ní ìdajì. Mo ní ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ máa yún ẹ, wàá fi ọmọ mi náà sílẹ̀ ní ìdajì. Mo ní kí n wà nítòsí nígbà náà. Ìdí tí mo fi ń kó bọ̀ nìyẹn."

Sípánà wà lórí nọ́ọ̀tì, kò yí. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹ̀yà kan lára Kòdúró tó ń rìn.

"Lóòótọ́ ni mò ń rìn, Màámi," ló wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni mò ń rìn yí po."

Lókè, ẹsẹ̀ ìyá kò kúrò lórí bíréèkì.

"Ẹsẹ̀ mi ti ń ro mí," ni ìyá wí nígbà tó yá. "Ṣé kí n ṣì dì í mú?"

"Ẹ ṣì dì í mú, Màámi."

"Mo dì í mú."

Nígbà tí wọ́n fi ṣe táyà tó kẹ́yìn tán, bíréèkì ti le bí òkúta. Ìyá tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó kà nínú ara rẹ̀, ó tún kà. Kò rì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó wá bẹ̀rẹ̀ mú másítà tó ti kú nílẹ̀. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Ojú ara rẹ̀ wò ó padà látinú rẹ̀, tó fi mọ́ ìlà tó wà lábẹ́ ojú.

"Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn ò ní fọ̀ ọ́ tó báyìí," ló wí. "Á ti rẹ̀ ẹ́. Ìwà wèrè lásán ni èyí. Mo gbà ẹ́ gbọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta kúrò. Ó wá ku ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀yìn ń dun òun. Kòdúró ní kí òun máa fẹsẹ̀ sọ̀, kí òun máa wo táyà láti ẹ̀gbẹ́, ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Níbo?" ni ìyá wí. "Ìwọ lo dè é. Wọlé, bọ́ sáàárín. Ibi tó bá gbé wa lọ, a jọ ń lọ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe há ara wọn mọ́ iwájú ọkọ̀, Bàbá Jẹ́jẹ́ nídìí ọkọ̀, ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pupa, Kòdúró láàárín wọn, tí orúnkún rẹ̀ ń mi gíá. Bàbá Jẹ́jẹ́ sọ̀ bí ọkùnrin ṣe máa ń wọlé bí ó bá pẹ́ níta. Ìgbín kan yà wọ́n sílẹ̀, ó sì dúró dè wọ́n níwájú. Níbi kọ́nà tó burú jù, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló tẹ ilẹ̀ pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan péré ló ní bíréèkì lábẹ́. Ọkọ̀ náà fà, ó rọra tẹ̀ síwájú, ó dúró. Ó dúró ṣinṣin.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n dúró níbi iná pupa, ni fóònù ìyá bá dún. Ìyàwó Kòdúró ni. Ohùn rẹ̀ kún inú ọkọ̀.

"Màámi, kí ló dá yín dúró? Ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n ní ọkọ mi ò sí nínú ìsọ̀, wọ́n ní ó ń sá gun òkè. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀?"

Kòdúró di ojú. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ìyá, ilé ti dàrú nìyẹn. Bàbá Jẹ́jẹ́ gan-an tẹjú mọ́ iná pupa bí ẹni tó ń kà á.

"Táyà ló jò," ni ìyá wí. "Ọkọ rẹ ló wá bá wa pààrọ̀ ẹ̀. Ó ṣe dáadáa. A ti dé ẹsẹ̀ òkè." Ó gé fóònù, ó fi sínú àpò, ó sì fa ẹnu àpò náà dé.

"Màámi, ẹ ṣé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa—"

"Yàrá tó ní fèrèsé méjì yẹn," ni ìyá wí, "tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáa fún abẹ́rẹ́. Ta ló ń sùn níbẹ̀?"

"Àwa ni, Màámi."

"Ẹ̀yin ni tẹ́lẹ̀," ni ìyá wí, ó sì fọwọ́ tọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ pé iná ti fún wọn lọ́nà.